Owó Ọbẹ̀ Ló Ṣòro: Ìfowópamọ́ àti Ètò Ìnáwó fún Ìgbéyàwó

  

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí tí wọ́n rántí mi. Nígbà tí wọ́n wá bá mi nílé, mo bi wọ́n pé kí ni arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba fẹ́ sọ nípa ìgbéyàwó. Akọ̀wé wa dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, tí ẹ sì ti kábàámọ̀ rẹ̀, ni a fẹ́ kí ẹ bá wa sọ̀rọ̀." A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, apá kan rẹ̀ wá láti inú ìwé, apá kan sì wá láti inú ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Ibi tí a wà yìí náà bá ọ̀rọ̀ owó mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ekiadolor mọ̀ pé "eki" ní èdè Ẹ̀dó, ọjà ni. Ẹni tó bá ń gbé ní ìlú tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà, tó sì ń ná owó láìṣírò, ohun ìtìjú ni. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àtigbéyàwó kò tó ẹjọ́, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Òwe yìí ni mo fi ṣe àkòrí ọ̀rọ̀ mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ kan péré ni ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń jẹun.

1. BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE Ń ṢE É

Àwọn kan rò pé ìfowópamọ́ jẹ́ ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí báǹkì tó dé ilẹ̀ yìí ni Yorùbá ti ń dá èsúsú. Àlùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà ni a ṣì ń ṣe é: àwọn ènìyàn á kó ara wọn jọ, wọ́n á fẹnu kò lórí iye tí oníkálùkù yóò máa dá, olórí kan á máa gbà á, wọ́n á sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni kan títí yóò fi kárí. Ọ̀mọ̀wé William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé èsúsú lórí ní ọdún 1952. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa gbé e sọdá òkun, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Trinidad fi ń pè é ní "susu" títí di òní. Ẹ̀yin àna wa ọmọ Ẹ̀dó náà ń pè é ní "osusu". Ohun tó pa wá pọ̀ ju ohun tó yà wá lọ.

Láyé ìgbà náà, ọ̀dọ́kùnrin kì í dá ìgbéyàwó gbé. Lẹ́yìn ìfojúsóde, alárinà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ìṣíhùn, ìtọrọ àti ìdána. Ó lè tó ọdún púpọ̀ láàárín ìgbà tí wọ́n bá ṣí ohùn sí ìgbà tí ìyàwó bá wọlé. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa lọ bá àna ṣe ọ̀wẹ̀ lóko, wọ́n á bá a kọ ebè, wọ́n á bá a tún ilé ṣe. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ìfowópamọ́ ni gbogbo èyí. Wọ́n ń san owó ìgbéyàwó náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ọdún bíi mélòó kan san án, wọn kò gbé e ka orí ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Gbèsè ìgbéyàwó wà láyé ìgbà náà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá rí owó, tó sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, a máa yá a, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọ́fà. Ìwọ̀fà á máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ yẹn kò dín owó tí wọ́n yá kù rárá, èlé lásán ni. Bó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, àfi ìgbà tí wọ́n bá kó o sílẹ̀ lódidi. Ìjọba òyìnbó ti fi òfin dè é tipẹ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

2. OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Èmi fúnra mi gbéyàwó ní ọdún 1987. Ìlú le nígbà náà, ọdún kejì SAP ni. Aṣọ tí mo wọ̀, ọ̀rẹ́ mi ló rán an fún mi. Ẹ̀yìn ilé bàbá ìyàwó mi ni a ti jẹ, ni a ti mu. Ènìyàn tó wá kò ju ọgọ́rin lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ní owó ilé oṣù mẹ́fà lápò. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọlọ́gbọ́n ni mí, àìní ló sọ mí di ọlọ́gbọ́n.

Nígbà tó di ọdún 2014, tí ó kan àkọ́bí mi obìnrin, mo ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Mo ti jẹun ní ìnáwó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti ra aṣọ ẹbí wọn. Mo sọ fún ara mi pé ó ti kàn mí, kí àwọn náà wá rí tèmi. A kọ orúkọ 200 àlejò sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí a dín in kù, mo ní kí ló ń bẹ̀rù. Nígbà tó di ọjọ́ náà, àwọn tó wá lé ní 500. Oúnjẹ tán ní aago mẹ́ta. Mo ní kí alásè lọ ra òmíràn, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ kó ohun mímu kún un.

Níbo ni owó ti wá? Mo yá ₦800,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ọ́fíìsì. Ìyẹn kò burú púpọ̀, wọ́n ń yọ ọ́ lára owó oṣù mi. Èyí tó burú ni ₦400,000 tí mo gbà lọ́wọ́ ayánilówó kan nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ní èlé náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣooṣù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦40,000 lóṣù kan. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi san èlé, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦440,000. Owó tí mo san ti ju owó tí mo yá lọ, síbẹ̀ ₦400,000 náà ṣì wà nílẹ̀ gbọin. Ẹ rántí ìwọ̀fà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá ọ́fíìsì ni wọ́n ń pè mí, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ni mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Dádì wọn, ijó ti tán, àlejò ti lọ, ṣùgbọ́n èlé kò tíì jókòó." Mi ò lè fèsì. Ní òpin rẹ̀, mo ta pọ́lọ́ọ̀tì kan tí mo ti ń tọ́jú de ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì, kí n tó fi bọ́ nínú gbèsè náà. Mo sì ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní, ilé ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀.

Ẹ má rò pé èyí nìkan ló dùn mí jù. Ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ ná gbogbo owó náà, òun àti ọkọ rẹ̀ kò rí owó ilé san. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbé nínú yàrá kan nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Páálí ohun mímu tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé mi títí ọjọ́ rẹ̀ fi kọjá. Àwọn ohun mímu yẹn nílé, ọmọ mi kò nílé. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé mi ò ṣe ìgbéyàwó fún ọmọ mi, ara mi ni mo ṣe é fún.

3. Ẹ KA ORÍ ÀLEJÒ KÍ Ẹ TÓ KA OWÓ

Kí wá ni ká ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé àti bírò. Ètò ìnáwó tí kò sí nínú ìwé, ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Kí ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà jókòó pẹ̀lú àwọn òbí ìhà méjèèjì, ó kéré tán ọdún kan àbọ̀ ṣáájú, kí oníkálùkù sọ iye tó lè mú wá láìyá owó. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Mi ò sọ pé iye tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ná nìyí. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kó pín tirẹ̀ bákan náà.

Ká ní ọkọ ìyàwó ń tọ́jú ₦80,000 lóṣooṣù fún oṣù 18, ìyẹn ₦1,440,000. Ìyàwó ń tọ́jú ₦40,000 lóṣooṣù, ìyẹn ₦720,000. Àwọn òbí ọkọ mú ₦500,000 wá, àwọn òbí ìyàwó mú ₦340,000 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,000,000. Bí mo ṣe máa pín in nìyí:

Owó ilé, ibùsùn àti ohun èlò ìdáná: ₦1,000,000
Ìdána àti ẹrù ìyàwó: ₦500,000
Oúnjẹ àti ohun mímu fún àlejò 150: ₦600,000
Aṣọ ọkọ àti ìyàwó, pẹ̀lú òrùka: ₦300,000
Gbọ̀ngàn, àga àti kánópì: ₦200,000
Ayàwòrán àti olórin: ₦150,000
Owó pàjáwìrì: ₦250,000

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta. Èkíní, owó ilé ni mo kọ́kọ́ kọ. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó yọ owó ohunkóhun, kí ẹ sì fi í sí ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ti ní tó o. Bí ọkọ àti ìyàwó bá lè san owó ilé náà fún onílé kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ọbẹ̀ ló ṣòro.

Èkejì, iye àlejò ni ìyá gbogbo ìnáwó. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦4,000 ni oúnjẹ ẹni kan. Bí 150 bá di 300, ₦600,000 mìíràn ti wọ̀ ọ́, láì ka àga àti kánópì. Níbo ni yóò ti wá? Nínú owó ilé ni, nítorí òun ni owó tó pọ̀ jù tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí àpò ìrẹsì kan jẹ́, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ àlejò sílẹ̀, kí ẹ pín in ní ọgbọọgba láàárín ìdílé méjèèjì, kí oníkálùkù dúró lórí tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, owó pàjáwìrì kì í ṣe owó àṣejù. Òjò lè rọ̀, jẹnẹrétọ̀ lè bàjẹ́, ọkọ̀ tó ń kó àna bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ lè dúró sójú ọ̀nà. Bí kò bá sí pàjáwìrì kankan, ẹ kó o fún tọkọtaya náà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn owó kéékèèké ọjọ́ ìdána. Gbogbo wa mọ alága ìdúró àti alága ìjókòó. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìwé kíkà, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé, owó ìṣíjú ìyàwó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìgbà tí ilẹ̀ yóò bá fi ṣú, wọ́n ti di òkìtì. Ẹ bá àwọn alága ṣàdéhùn ṣáájú, kì í ṣe nípa owó iṣẹ́ wọn nìkan, ṣùgbọ́n nípa iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹbí ọkọ pẹ̀lú. Eré ni wọ́n ń ṣe, kí eré má di ìjà.

4. IBO NI KÁ FI OWÓ PAMỌ́ SÍ?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà, oníkálùkù ló ní ìwúlò tirẹ̀.

Àjọ ojoojúmọ́ dára fún àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí owó ń wọlé fún díẹ̀díẹ̀. Alájọ á gbà á lójoojúmọ́, á sì mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni owó náà wà. Ẹ máa kó o kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù lọ sí báǹkì, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀dá ènìyàn débi pé Èṣù á dán an wò.

Èsúsú dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òye rẹ̀ yé wa. Bí ènìyàn 12 bá ń dá ₦25,000 lóṣooṣù, ₦300,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o, gbèsè ló jẹ. Oṣù mọ́kànlá ni yóò fi san án. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn, òun ló fi owó pamọ́, òun náà sì ni ọ̀wọ́ngógó ọjà á jẹ lára owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ààrin ni kó gbà, nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá ku bí oṣù mẹ́ta, kó lè rà ohun tó bá fẹ́ rà ní àkókò. Kó má sì ṣe kó èsúsú méjì pọ̀ láti fi èkíní san èkejì. Ẹ̀tàn ni.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1935 ní orílẹ̀-èdè yìí. Èlé tí wọ́n ń gbà kì í pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè yá jù ohun tí ìfowópamọ́ rẹ̀ lè gbé lọ. Bí ó bá di dandan kí ẹ yá owó, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ, kò sí ibòmíràn.

Ní ti báǹkì, ẹ ṣí àkáǹtì tí kò ní káàdì, tí orúkọ ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà jọ wà lórí rẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo má lè gbà á. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé báǹkì lè kógbá wọlé. Àjọ NDIC wà fún ìyẹn: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n gbé iye tí wọ́n ń dáàbò bò fún oníbàárà kan nínú báǹkì ńlá láti ₦500,000 sí ₦5,000,000, ti báǹkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance sì kúrò ní ₦200,000, ó di ₦2,000,000. Bákan náà, ìjọba àpapọ̀ ní báǹdì ìfowópamọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Pẹ̀lú ₦5,000, ẹni kan lè bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì, tó mọ̀ pé ìgbéyàwó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, èyí bá a mu.

Àmọ́ o, ẹ sá fún ẹni tó bá ní òun yóò sọ owó yín di méjì láàárín oṣù kan. Gbogbo wa rántí oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn nígbà tí ọdún Kérésìmesì kù dẹ̀dẹ̀. A rò pé a ti kọ́gbọ́n. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ìgbéyàwó ní ọjọ́ tí a máa lò ó, kì í ṣe owó tí a fi ń ta tẹ́tẹ́.

5. Ọ̀WỌ́NGÓGÓ ÀTI OHUN TÍ A LÈ RÀ SÍLẸ̀

Ẹnì kan lè ní, "Bàbá, mò ń tọ́jú owó, ṣùgbọ́n ọjà ń sáré jù mí lọ." Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ojú gbogbo wa ti rí i. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ní ọ̀wọ́ngógó ti tó 34.80 lórí ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé ohun tí ₦100,000 rà lọ́dún tó ṣáájú, ó ti ń béèrè bí ₦134,800. Ẹni tó kó owó sábẹ́ ibùsùn nínú ọdún yẹn, owó rẹ̀ kò dín níye, ṣùgbọ́n ó dín lágbára.

Ohun tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn ni pé ohun tí kì í bàjẹ́ ni kí ẹ máa rà sílẹ̀: aṣọ, ìkòkò, abọ́, sítóòfù, àpótí ẹrù ìyàwó. Ẹ lè san owó gbọ̀ngàn àti ayàwòrán díẹ̀díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ní ọjọ́ tó máa ń bàjẹ́, ẹ má rà á sílẹ̀ jìnnà. Mo ti sọ ìtàn àwọn páálí abẹ́ àtẹ̀gùn mi fún yín.

6. AṢỌ ẸBÍ ÀTI OWÓ NÍNÁ

Aṣọ ẹbí dára, ó ń fi ìṣọ̀kan hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi ₦15,000 ra aṣọ tí a sì tà á ní ₦30,000 fún ìbátan wa, a ti sọ ẹbí di oníbàárà. Ẹni tó bá ra aṣọ yẹn ń retí oúnjẹ gidi, ó ń retí ẹ̀bùn. Èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ á gba ẹnu ọ̀nà ìdáná jáde. Ẹ yan aṣọ tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tàbí kí ẹ mú fìlà àti gèlè aláwọ̀ kan ṣoṣo. Kí ẹni tí kò bá ní náà lè wá.

Nípa owó níná sí ènìyàn lórí, ẹ má fi í sínú ìṣirò yín rárá. Owó tí kò tíì wọlé kì í ṣe owó. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó ìwé wọ́n bí ojú, kí ni ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé owó níná rí? Lẹ́yìn èyí, òfin tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ 21 nínú òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní ẹni tó bá ń fọ́n owó náírà ká tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ rò pé orí ìwé lásán ni, títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọlá fún ọkọ àti ìyàwó, kó fi owó sínú àpò ìwé, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

7. Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ÒBÍ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, àwa gan-an ni ìṣòro náà. Àwọn ọmọ wa púpọ̀ fẹ́ ṣe níwọ̀nba, àwa ni a ń sọ pé "kí ni ayé á wí?" Àṣà wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ìyàwó nílẹ̀ Yorùbá ló máa ń gba owó orí tán, tí yóò sì dá a padà fún ẹbí ọkọ, tí yóò ní òun kò ta ọmọ òun, kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀. Bí a bá lè dá owó orí padà, kí ló dé tí a kò lè dín ẹrù kù? Bí ìwé ẹrù bá sọ pé iṣu 42 àti orógbó 42, tí ọmọkùnrin náà kò sì ní agbára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mú iye tó lágbára wá. Oyin, iyọ̀ àti obì tí a fi ń ṣe àdúrà, díẹ̀ lára wọn tó, àdúrà kì í wo òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 2019, ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ ọmọ Ẹ̀dó láti agbègbè yìí. Mo lọ bá bàbá ìyàwó, mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní, "Àna mi, mo ti ṣe èyí rí, gbèsè rẹ̀ gba ilẹ̀ mi." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni a jọ kọ ìwé ìnáwó. Ènìyàn 120 ni a pè. Àwọn ìyàwó ilé wa ló se oúnjẹ, ẹgbẹ́ wa yìí ló yá wa ní àga. Ilé tí àwọn ọmọ náà ń gbé, wọ́n ti san owó rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi títí di òní pé ìnáwó náà kò dára. Èyí tí mo yáwó ṣe ní ọdún 2014 gan-an ni wọ́n ń sọ pé oúnjẹ kò kárí.

8. ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó sọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹni tí ẹ kò bá lè jọ ṣírò ₦10,000 pẹ̀lú rẹ̀ láìjà, ẹ ronú kí ẹ tó bá a délé. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín pé, "Níbo ni ẹ ó sùn ní ọjọ́ kejì?" kí ẹ tó bi í pé ta ni olórin. Ẹgbẹ́ wa náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ní àga, kánópì àti ìkòkò ńlá tó pọ̀ tó, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ní owó kékeré. Ọ̀wẹ̀ àwọn baba wa nìyẹn ní ayé òde òní.

Ìgbéyàwó tó dára ni èyí tí tọkọtaya bá jí ní ọjọ́ kejì rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wá kan ilẹ̀kùn béèrè owó. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a máa fi ìgbéyàwó ọmọ wa ṣe ayọ̀, kí ó má sọ ẹnikẹ́ni nínú wa di ìwọ̀fà.